Ọmọ Mi Wá sí Tallinn Bí Àlejò

Göteborg,
Ọjọ́ kejì, oṣù kẹta, ọdún 1971.

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú òtútù o, ẹ sì kú ọjọ́ mẹ́ta. Ṣé orúnkún yín ti ń gbà yín láyè láti gun àtẹ̀gùn? Ṣé ẹ ń jẹun? Ẹ má kọ̀wé sí mi pé ẹ ń jẹun bí ẹ kò bá jẹun. Àlàáfíà ni a wà níhìn-ín. Gunnar ọkọ mi kí yín. Ó ti ń kọ́ bí a ṣe ń kí àgbà ní èdè wa, àmọ́ bó ṣe ń sọ ọ́, àfi bí ẹni tó ní ọ̀dùnkún gbígbóná lẹ́nu.

N kò ní yí ọ̀rọ̀ po. Mò ń bọ̀ ní Tallinn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un kà. Àwọn kan wà níhìn-ín tí wọ́n ń kó arìnrìn-àjò afẹ́ jọ. Ọkọ̀ ojú omi yóò gbé wa dé Helsinki, òmíràn yóò gbé wa láti Helsinki wá sọ́dọ̀ yín ní oṣù kẹfà. Alẹ́ méjì péré ni a ó sùn, ní òtẹ́ẹ̀lì tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún àlejò. Wọ́n ní àwọn yóò fi odi àtijọ́ hàn wá, àti àwọn ṣọ́ọ̀ṣì, àti Gbọ̀ngàn Ìlú. Bàbá, odi tí mo ti ṣubú lórí rẹ̀ tí mo fi bó orúnkún, òun ni wọn yóò wá fi hàn mí! Wọ́n bi mí pé kí ni mo ń lọ ṣe níbẹ̀. Mo ní mò ń lọ gbafẹ́. Mo rẹ́rìn-ín títí ẹ̀rín fi di ẹkún.

Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni mí nígbà ogun, tí àbúrò ìyá mi fà mí wọ ọkọ̀ ojú omi wá sí Swídìn, tí ẹ̀yin dúró ti ìyá mi tí kò lè dìde lórí ibùsùn. Ẹ ní kó tó di Kérésìmesì, a ó ti ríra. Ìyá mi kò rí Kérésìmesì yẹn, èmi sì ti pé ọmọ ọdún mọ́kànlélógójì. Ohun kan ṣoṣo ni mo ń bẹ̀bẹ̀ fún: kí n gun àtẹ̀gùn yín, kí n jókòó nínú yàrá yín, kí ẹ jókòó kọjú sí mi, kí a mu kọfí. Kò ju ìyẹn lọ.

Ẹ kọ ohun tí ẹ fẹ́ kí n mú wá. Bàtà ńkọ́? Ẹ kọ bí ẹsẹ̀ yín ṣe tóbi tó.

Ọmọ yín,
Maimu.


Tallinn,
Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, oṣù kẹta, ọdún 1971.

Maimu, ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo sì kí gbogbo ilé rẹ. Bí ojú mìíràn bá kọ́kọ́ ka ìwé yìí kí ó tó kan ọ́, mo kí ẹni náà pẹ̀lú; ọ̀rọ̀ bàbá àti ọmọ lásán ni yóò bá níbẹ̀.

Ara mi le níwọ̀n. Orúnkún òsì ń yọ mí lẹ́nu bí òjò bá fẹ́ rọ̀, òjò sì ń fẹ́ rọ̀ nígbà gbogbo níhìn-ín. Nígbà tí mo ka ìròyìn rẹ, ńṣe ni mo jókòó sórí ibùsùn tí n kò sì mọ ìgbà tí iná ààrò kú. Inú mi dùn. Mo fẹ́ kí o mọ ìyẹn dájú kí o tó ka ìyókù.

O kò lè wá sí ilé mi.

Jọ̀wọ́, má tíì bínú. Ìdílé mẹ́rin ni a jọ ń lo ilé ìdáná kan. Ògiri tó wà láàrin èmi àti Adeele, opó tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé búrẹ́dì, kò nípọn ju páálí lọ. Bí ó bá yí ojú ìwé ìròyìn, mo ń gbọ́. Lọ́jọ́ tí lẹ́tà rẹ dé, mo ń gbé omi kaná, ó sì bẹ̀rẹ̀:

“Bàbá Kivisaar, lẹ́tà yín tòní mà sanra o! Kí ni wọ́n ń fún un jẹ ní Swídìn?”

Mo ní, “Ìwé ìròyìn ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi.”

“Ìwé ìròyìn tó ń rùn bí kọfí! Ẹ jẹ́ kí àwa náà kà á.”

Evald tó ń wa tíráàmù, ọkọ̀ irin ìgboro, ti ń bó àlùbọ́sà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Ó ní, “Ẹ bá mi bèèrè bóyá ìwé ìròyìn yẹn ní bàtà, Bàbá. Tèmi ti ń la ẹnu bí ẹja.” Gbogbo wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Mo gbé omi mi tí kò tíì hó, mo wọ yàrá, n kò sì lè jẹun lọ́jọ́ náà.

Ìwọ yóò sọ pé àwàdà ni. Bẹ́ẹ̀ ni, àwàdà ni. Ní ọdún 1949, kánífẹ́ńtà kan ń gbé nínú yàrá ẹ̀bá àtẹ̀gùn yìí, Kaarel lorúkọ rẹ̀. Ẹnìkan sọ ọ̀rọ̀ kékeré kan nípa arákùnrin rẹ̀ lórí ìkòkò ọbẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà jáde láti ilé ìdáná, ó gba àtẹ̀gùn lọ, ó sì padà wá pẹ̀lú ọkọ̀ akẹ́rù. Kaarel àti ìyàwó rẹ̀ ni wọ́n kó lọ sí ìgbèkùn. Ẹni tó sọ ọ̀rọ̀ náà kò ní ibi kankan lọ́kàn; ó kàn ń dúró kí omi hó ni. Èmi tí kò kọjá ìgbà òtútù mẹ́ta ní ilé ẹ̀kọ́ abúlé, tí mo fi ojú ara mi kọ́ ìyókù nínú ìwé, mo ti kà nípa àwọn ọba tó ṣubú nítorí ọ̀rọ̀ ẹnu ìránṣẹ́. Èmi kì í sì í ṣe ọba.

Òfin pẹ̀lú kò gba àlejò láyè láti máa wọ ilé onílé bó ṣe wù ú. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ṣe é. Èmi kì í ṣe ọ̀pọ̀ ènìyàn.

Má mú bàtà wá. Bí mo bá wọ bàtà tuntun, gbogbo àgbàlá ni yóò bi mí níbi tí mo ti rí i. Má mú kọfí wá pẹ̀lú. Òórùn kọfí kì í dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Láti ojú fèrèsé mi ni mo ti ń rí orí òpó àwọn ọkọ̀ ní èbúté. Mo fi ọgbọ̀n ọdún ṣọ́ ilé ẹrù níbẹ̀, ṣùgbọ́n wáyà ẹlẹ́gùn-ún ti wà láàrin èmi àti omi òkun báyìí. Mo nílò ìwé àṣẹ kí n tó lè ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Báyìí ni a ṣe ń gbé. Mo ti mọ ìwọ̀n ibi tí ẹsẹ̀ mi lè dé. Má jẹ́ kí ó tún kúrú sí i.

Èmi ni bàbá rẹ,
Rudolf Kivisaar.


Göteborg,
Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù kẹrin, ọdún 1971.

Bàbá mi,

Ẹ kú ọdún Àjíǹde o. Lẹ́tà yín dé. Gunnar bi mí pé kí lẹ wí. Mo ní, “Bàbá ní kí n máa bọ̀, ṣùgbọ́n kí n má dé.”

Ta tilẹ̀ ni Adeele yìí? Ṣé ọlọ́pàá ni? Obìnrin tó ń po ìyẹ̀fun! Ṣé nítorí obìnrin tó ń po ìyẹ̀fun ni n kò fi ní fojú kan bàbá tó bí mi lọ́mọ? Ìyá kan nínú ìjọ wa níhìn-ín, ará ìlú Pärnu nílẹ̀ wa, wá sí Tallinn lọ́dún tó kọjá. Ó jókòó ní ilé ìdáná ẹ̀gbọ́n rẹ̀, wọ́n jẹ ẹja oníyọ̀ àti búrẹ́dì dúdú, wọ́n kọrin, wọ́n sunkún, ó sì padà sílé. Kò sí ọkọ̀ akẹ́rù tó wá gbé ẹnikẹ́ni.

Mo mọ ọ̀rọ̀ Kaarel. N kò fojú kékeré wò ó. Àmọ́ ọdún 1949 ti lọ, Bàbá. Ẹ̀yin nìkan lẹ ṣì ń gbé inú rẹ̀.

Bí ẹ kò bá fẹ́ rí mi, ẹ sọ ọ́ ní gbangba, kí n lọ yá oòrùn ní Spain bí àwọn ará Swídìn yòókù.

Ẹ má bínú. Mo kọ èyí tán, mo fẹ́ ya á, Gunnar ní kí n má ya á. Ó ní bí mo bá ń kọ lẹ́tà tó mọ́ tónítóní sí yín, ẹ kò ní mọ̀ pé èmi ni. Ibikíbi tí ẹ bá ní kí a ti pàdé ni n ó wá. Ẹ ṣáà sọ ibẹ̀.

Maimu.


Tallinn,
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù karùn-ún, ọdún 1971.

Maimu, ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ ọkọ rẹ tí kò jẹ́ kí o ya lẹ́tà náà. Ọ̀rọ̀ Spain dùn mí. Mo yẹ fún un, ṣùgbọ́n ó dùn mí.

Atukọ̀ kan tí mo mọ̀ láti ìgbà iṣẹ́ ni yóò bá mi mú ìwé yìí jáde, kò ní gba ilé ìfìwéránṣẹ́. Fetí sílẹ̀ dáadáa. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ni wọ́n máa ń kó àwọn àlejò lọ sí gbàgede Gbọ̀ngàn Ìlú. Mo ti lọ jókòó síbẹ̀ ní ọ̀pọ̀ òwúrọ̀ láti wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Afinimọ̀nà á tò wọ́n síwájú ilé ìpoògùn àtijọ́, á sọ̀rọ̀ títí, lẹ́yìn náà á na ọwọ́ sí ère Tómáàsì Àgbà tó wà lórí ilé ìṣọ́ gogoro, gbogbo wọn á sì gbójú sókè. Nígbà tí wọ́n bá gbójú sókè, ìsàlẹ̀ ni kí ìwọ wò. Ìwọ yóò rí mi lórí àga gbọọrọ, pẹ̀lú àkẹtẹ̀ dúdú àti ìwé ìròyìn.

Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n kì í ṣe ọjọ́ kan, ó sì lè ṣòro fún mi láti dá ọ mọ̀ láàrin àwọn obìnrin àjèjì. Nítorí náà, ra òdòdó lẹ́nu ibodè Viru, lọ́wọ́ àwọn ìyá arúgbó tó ń tà á, kí o sì gbé e dání níwájú àyà rẹ. Bí mo bá rí i pé ibẹ̀ tòrò, èmi yóò ká ìwé ìròyìn mi, èmi yóò sì wọ ọ̀nà tóóró tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbàgede, bí ẹni tó ń lọ ra búrẹ́dì. Tẹ̀ lé mi níwọ̀ntúnwọ̀nsì. Nínú ọ̀nà tóóró yẹn, a ó lè dì mọ́ra.

Má pè mí ní bàbá ní gbàgede. Bí ohun kan kò bá sì tẹ́ ọ lọ́rùn, bí o bá fura sí ojú kan, fi àmì hàn mí, èmi yóò sì lóye rẹ. Ojú mi ṣì mọ́lẹ̀ dáadáa.

Èmi ni bàbá rẹ,
Rudolf.


Göteborg,
Ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n, oṣù karùn-ún, ọdún 1971.

Bàbá mi,

Mo gbọ́. Ọjọ́ kẹtàlá oṣù kẹfà ni òwúrọ̀ kejì wa bọ́ sí. N ó ra òdòdó. N kò ní pè yín ní bàbá.

Mo ti ra aṣọ, mo tún ti dá a padà, mo ti tún òmíràn rà. Kí ni ènìyàn ń wọ̀ lọ bá bàbá rẹ̀ lẹ́yìn irú ọjọ́ báyìí? Ẹ gbàdúrà kí òjò má rọ̀.

Maimu.


Göteborg,
Ọjọ́ kọkànlélógún, oṣù kẹfà, ọdún 1971.

Bàbá,

Mo kí yín nítorí pé wọ́n kọ́ mi láti máa kí àgbà.

Mo rí yín. Kí afinimọ̀nà tó la ẹnu ni mo ti rí yín. Ẹ ti ká ẹsẹ̀ kan sábẹ́ àga bí ẹ ṣe máa ń ká a sábẹ́ tábìlì nílé wa, tí ìyá mi á máa ní, “Rudolf, ẹsẹ̀ rẹ!” N kò dúró de Tómáàsì Àgbà yín kankan. Ẹ gbójú sókè. Ẹ wo ojú mi. Mo mọ̀ pé ẹ dá mi mọ̀, ẹ má parọ́ fún mi nípa ìyẹn, ètè yín mì. Lẹ́yìn náà ẹ wo ọwọ́ mi. Ẹ dìde, ẹ ká ìwé ìròyìn, ọkàn mi fò sókè, mo ní àmì náà nìyí.

Ẹ sì gba ọ̀nà kejì lọ. Ẹ kọ ẹ̀yìn sí ọ̀nà tóóró, ẹ kọ ẹ̀yìn sí mi, ẹ ń rìn bí ọ̀dọ́mọkùnrin. Mo sáré tẹ̀ lé yín dé igun òpópónà. Afinimọ̀nà pariwo lẹ́yìn mi, “Ìyáàfin! Ìyáàfin aláṣọ búlúù! Ẹ jọ̀ọ́, a kì í fọ́n ká!” Ọkùnrin kan nínú wa ní, “Ẹ fi í sílẹ̀, ó ti rí ṣọ́ọ̀bù,” gbogbo wọ́n sì rẹ́rìn-ín. Ẹ gbọ́ ohùn wọn, Bàbá. Kò sí bí ẹ kò ṣe ní gbọ́ ọ. Ẹ kò bojú wẹ̀yìn.

Mo padà lọ jókòó sórí àga yẹn. Ó ṣì lọ́wọ́ọ́wọ́. Mo gbé òdòdó náà sílẹ̀ níbẹ̀.

Ìyókù lọ bí wọ́n ṣe ṣèlérí. Wọ́n sọ ọdún tí wọ́n mọ odi ìlú mi fún mi. Wọ́n fi orin gbà wá lálejò, wọ́n fún wa ní ẹja. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n gba òpópónà yín kọjá, afinimọ̀nà ní, “Ìyẹn kò sí nínú ètò,” ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́. Nígbà tí ọkọ̀ ń lọ, mo dúró lẹ́yìn rẹ̀ títí mo fi ń rí ilé ìṣọ́ nìkan.

Kí ni ẹ rí lójú mi? Ṣé ojú tì yín nítorí mi ni? Ẹ kúkú sọ fún mi.

M.


Tallinn,
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹjọ, ọdún 1971.

Maimu, ọmọ mi,

Mo kí ọ. N kò mọ̀ bóyá ìwọ yóò gba ìkíni yìí. Lẹ́tà rẹ ti oṣù kẹfà kò tẹ̀ mí lọ́wọ́ títí di ọ̀sẹ̀ tó kọjá. N kò mọ ibi tó ti ń sinmi. Láti ìgbà tí mo ti kà á, n kò lè jókòó, n kò sì lè dúró.

Maimu, òdòdó mẹ́rin ló wà lọ́wọ́ rẹ.

Ta ni nínú wa tó ń gbé òdòdó mẹ́rin lọ bá alààyè? Ẹyọ kan, mẹ́ta, márùn-ún, ti alààyè nìyẹn. Méjì àti mẹ́rin, ti ibojì ni. Ìyá rẹ kọ́ ọ kí o tó mọ bí a ṣe ń so okùn bàtà. Nígbà tí mo sọ pé kí o ra òdòdó, n kò tilẹ̀ rò ó pé ó yẹ kí n dá iye rẹ̀ fún ọ, gẹ́gẹ́ bí n kò ti ní sọ fún ọ pé kí o wọ bàtà kí o tó jáde.

Mo wo ojú rẹ, mo sì rí ìyá rẹ. Mo fẹ́ dìde. Lẹ́yìn náà mo kà wọ́n: mẹ́rin. Ọkùnrin kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ ti gbé kámẹ́rà sójú, ìhà ọ̀dọ̀ mi ló sì kọ ọ́ sí. Mo ní nínú ara mi pé: ọmọ mi ń bá mi sọ̀rọ̀. Ó ń sọ pé, “Ẹ kà mí mọ́ òkú, ẹ má sún mọ́ mi, ojú wà lára wa.” Àmì náà dé gẹ́gẹ́ bí a ṣe ṣe àdéhùn. Mo ní, wo bí ọmọ mi ti gbọ́n tó! Mo dìde, mo sì rìn. O sọ pé mo rìn bí ọ̀dọ́mọkùnrin. Ìwúrí ni, Maimu. Mo gbọ́ ariwo lẹ́yìn mi, mo rò pé wọ́n ti mú ọ, mo sì rò pé bí mo bá bojú wẹ̀yìn, mo ti dá ọ lẹ́bi nìyẹn.

Mo délé, mo jókòó sórí ibùsùn pẹ̀lú ẹ̀wù àti àkẹtẹ̀ mi, mo sì ń dúró de ẹni tí yóò kan ilẹ̀kùn. Gbogbo oṣù kẹfà ni mo fi dúró dè é. Mo di aṣọ nínípọn àti ìbọ̀sẹ̀ sínú àpò kan, mo gbé e sẹ́nu ọ̀nà. Kò sẹ́ni tó kàn án.

Ojú kò tì mí nítorí rẹ. Kò sí ohun tí mo rí lójú rẹ tí kì í ṣe tèmi.

Bàbá rẹ.


Göteborg,
Ọjọ́ karùn-ún, oṣù kẹsàn-án, ọdún 1971.

Bàbá mi, Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Mẹ́ta ni mo rà. Mẹ́ta ni, Bàbá! Ìyá arúgbó tó tà á fún mi tilẹ̀ kà á sókè fún mi. Ìyáàfin Sjöberg ni, ará Swídìn tí a jọ lo yàrá kan nínú ọkọ̀. Ó ra tirẹ̀, ó sì ki ọ̀kan mọ́ tèmi lọ́wọ́: “Ẹ gba èyí kún un, mẹ́ta ti kéré jù fún irú obìnrin arẹwà yìí.” Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mi ò kà á. Àkẹtẹ̀ dúdú ni mò ń kà kiri gbàgede. Ní ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n tí mo ti ń gbé láàrin àwọn tó ń ra òdòdó bó ṣe wù wọ́n, ojú mi ti gbàgbé iṣẹ́ yẹn.

Nígbà tí mo ka lẹ́tà yín, igbe tí mo ké, Gunnar sáré wọlé pẹ̀lú ọṣẹ lójú. Mo ṣàlàyé fún un. Ó nu ọṣẹ náà, ó wá ní, “Ẹ̀yin méjèèjì ṣọ́ra títí ẹ fi sọ ara yín nù.” Mo fẹ́ bá a jà, àmọ́ òótọ́ ni.

Àpò ẹnu ọ̀nà yẹn kò jẹ́ kí n sùn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tú u.

Bàbá, n kò lè wá bí olè mọ́. Kì í ṣe pé mo ń bínú. Ara mi ni kò gbà á mọ́. Mo fi ìwé ìpè sínú lẹ́tà yìí, kí ẹ lọ tọrọ àyè láti wá sọ́dọ̀ wa. Mo gbọ́ pé wọ́n máa ń jẹ́ kí àwọn àgbà lọ. Bí wọ́n bá kọ̀, tí ẹ sì fẹ́ kí èmi wá, ẹ pè mí, kí ẹ sì pè mí bí ọmọ, sínú ilé yín. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ jẹ́ kí a máa kọ lẹ́tà títí ọ̀kan nínú wa kò fi ní dáhùn mọ́.

Maimu.


Tallinn,
Ọjọ́ kẹtàlá, oṣù kìíní, ọdún 1972.

Maimu, ọmọ mi,

Mo kí ọ kú ọdún tuntun. O ti ń retí ìwé yìí láti ìgbà tí ewé ti ń já, mo mọ̀. N kò fẹ́ kọ̀wé títí èsì yóò fi jáde.

Mo lọ. Mo tò sí ìlà. Obìnrin tó wà lẹ́yìn gíláàsì wo ìwé ìpè rẹ, ó ní, “Bàbá, kí lẹ fẹ́ lọ ṣe ní Swídìn pẹ̀lú ọjọ́ orí yín?”

Mo ní, “Mo fẹ́ lọ rí ọmọ mi.”

Ó ní, “Ẹ ní kó wá. Ìlú wa lẹ́wà. Ojoojúmọ́ ni àwọn arìnrìn-àjò afẹ́ ń wá.”

Àwọn tó wà lẹ́yìn mi rẹ́rìn-ín. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, èsì dé: wọn kò gbà. Wọn kò sọ ìdí, èmi náà kò sì béèrè. Ìgbà tí mo padà dé orí àtẹ̀gùn ni mo wá rí i kedere pé ibi tí mo wà kò ní ilẹ̀kùn mìíràn. Ọ̀nà kan ṣoṣo tí ọmọ mi lè gbà rí mi ni kí àlejò wá wo odi.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Adeele kan ilẹ̀kùn mi. Kò dúró kí n dáhùn. Ó ní, “Bàbá Kivisaar, wọ́n ní wọ́n kọ̀ fún yín.”

Mo dìde dúró. Mo ní, “Ta ló sọ fún yín?”

“Ìyàwó àbúrò mi ló dúró lẹ́yìn yín ní ìlà. Ẹ jókòó, ẹ ti funfun bí ìyẹ̀fun. Ẹ jókòó, mo ní! Mo ti ń bínú sí yín láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, mo fẹ́ bínú náà tán lónìí.”

Mo jókòó. Ó ní, “Ọjọ́ tí ọmọ yín wá, ṣé ẹ mọ̀ pé mo ṣe búrẹ́dì aládùn, kringel? Kringel ńlá! Èso àjàrà gbígbẹ tí mo tọ́jú láti ọdún Àjíǹde ni mo dà sínú rẹ̀. Evald gbá àtẹ̀gùn láti òkè dé ìsàlẹ̀, Evald tí kì í gbá yàrá ara rẹ̀! Gbogbo wa wọ yàrá, a ti ilẹ̀kùn, kí ojú má baà tì yín. A ń mí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ bí eku. A ń retí ẹsẹ̀ ènìyàn méjì lórí àtẹ̀gùn. Ẹsẹ̀ ẹnìkan ṣoṣo ni a gbọ́, ẹ sì ti ilẹ̀kùn.”

Mo béèrè ẹni tó sọ fún wọn.

“Ẹ̀yin ni! Ta ló ń lọ ẹ̀wù funfun ní ààrin ọ̀sẹ̀, tó tún ń bi mí léèrè bóyá òjò yóò rọ̀ lọ́jọ́ kẹtàlá? Ta ló lọ gé irun? Ẹ sì ń pe Maimu lójú oorun, Bàbá. Láti ọdún tí mo ti kó wá síbí ni mo ti mọ Maimu. N kò kàn mọ bí ó ṣe rí ni.”

Mo ní, “Kí lẹ wá fi kringel náà ṣe?”

“A jẹ ẹ́ lẹ́yìn ọjọ́ bíi mélòó kan. Ó ti le bí igi. Evald ń rẹ ẹ́ sínú kọfí, ó sì ń bú yín bó ti ń jẹ ẹ́.”

Ó jáde. Mo gbọ́ tí ó ń fọn imú lẹ́yìn ògiri, òun náà sì mọ̀ pé mo ń gbọ́.

Maimu, n kò ní purọ́ fún ọ pé ẹ̀rù ti tán lára mi. Bóyá ọ̀kan nínú wọn ń ròyìn mi níbìkan. N kò lè búra pé kò rí bẹ́ẹ̀. Kaarel pẹ̀lú ní aládùúgbò tó fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n òfófó tí mo ti ń sá fún láti ìgbà yìí wá, inú ilé ló wà. Ó mọ orúkọ rẹ. Ó ṣe búrẹ́dì dè ọ́, èmi ni n kò jẹ́ kí o jẹ ẹ́.

Mo ti tú àpò ẹnu ọ̀nà náà. Fún mi ní ọjọ́ díẹ̀ sí i. Mo ń kọ́ bí a ṣe ń pe ènìyàn.

Bàbá rẹ,
Rudolf.


(Káàdì tó ní àwòrán èbúté, láìsí àpò ìwé.)

Tallinn,
Ọjọ́ ogún, oṣù kejì, ọdún 1972.

Maimu, ọmọ mi,

Máa bọ̀ ní oṣù kẹfà, kí o wá sí ilé mi. Káàdì ni mo fi kọ ọ́ kí ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ kà á má baà wá ya nǹkan kankan. Mo ti kà á sókè nílé ìdáná kí n tó lọ fi ránṣẹ́, Adeele sì ní mo gbàgbé láti kí ọkọ rẹ. Mo kí Gunnar.

Lọ́jọ́ tí ọkọ̀ yín bá gúnlẹ̀, èmi yóò wà níbi wáyà èbúté. Wọn kò ní jẹ́ kí n kọjá rẹ̀, nítorí náà ohùn mi ni n ó fi pàdé rẹ. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, ohùn náà ti kéré, mo sì ń fi orúkọ rẹ tọ́ ọ. Lánàá mo dúró sójú fèrèsé, mo pè ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Adeele ní kò tíì tó. Mo tún pè ọ́. Fèrèsé kan ṣí ní òdìkejì àgbàlá, obìnrin kan tí n kò mọ̀ rí yọ orí jáde, ó ní, “Ta ló ń jẹ́ Maimu?”

Mo ní, “Ọmọ mi ni.”